Tẹlifíṣọ̀n Tí O Fi Ránṣẹ́ Padà Láti Ìlọrin

Ilé wa, Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.

Àdùkẹ́ mi, Rónkẹ́ ọmọ tíṣà méjì,

Ẹrù rẹ gúnlẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò kàn tíì sọ̀rọ̀ ni. Dírẹ́bà tí o fi rán pè mí láti gáréèjì Fájuyì, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní kí n gbé tẹlifíṣọ̀n kan fún yín láti Ìlọrin." Mo ní ó ti ṣi nọ́ńbà pè, pé láti Adó ni tẹlifíṣọ̀n ti lọ sí Ìlọrin ní ilé tèmi, kò ti Ìlọrin bọ̀ rí. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni mo rí ìró aláwọ̀ ewé tí mo fún ọ nígbà ìgbéyàwó. Òun lo fi wé e, o tún wá so ó bí ẹni pọn ọmọ. Mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èmi àti ẹ̀bùn ìgbéyàwó yín sì jọ padà wálé.

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà, o ní, "Mọ́mì, kò sí ìjà o. Mo kàn fẹ́ kí ilé dákẹ́ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí, ìwé ọ̀mọ̀wé tí mo ń kọ, mi ò ráyè eré." Mo gbà pẹ̀lú rẹ. Àná tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, mo tún pè ọ́, mo ní ọkọ rẹ ńkọ́. O ní, "Ó wà níta, ó jókòó sínú mọ́tò." Mo ní kí ló ń ṣe nínú mọ́tò tí kò lọ síbì kankan. O ní o ò mọ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Ọdún kan ò tíì pé tí a fà ọ́ lé Fẹ́mi lọ́wọ́, ọkọ ti ń jókòó sínú mọ́tò tó dúró, ìyàwó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, ìyàwó ò sì mọ ohun tí ọkọ ń ṣe. Mo gbà pé kò sí ìjà. Ìjà ì bá sàn, ẹni tó ń jà ṣì ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo wà lọ́jà, mo sì ń wo orí ilé yín.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé nìyí: lórí fóònù, bí mo bá ti ní "Rónkẹ́, gbọ́," wàá ní "Mọ́mì, mo ń bọ̀," ó parí nìyẹn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìwé kíkà nìkan lo ráyè fún, èyí rè é, kà á. Dírẹ́bà kan náà ló máa gbé e wá.

Èkíní. Sinmi, má sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé o sinmi. Mo mọ ibi tí o ti kọ́ pé eré wíwò jẹ́ fífi àkókò ṣòfò, ọ̀dọ̀ mi ni. Ṣé o rántí tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́, èyí tó ní àpótí onígi, tó ní ilẹ̀kùn méjì bíi kọ́bọ́ọ̀dù? Inú àpò ṣòkòtò bàbá yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ eré, á ṣí i, a ó wò ó, bí eré bá sì ti parí, èmi ìyá yín á dìde níwájú gbogbo ilé, màá ní, "Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú eré yìí?"

Ọmọ tíṣà mìíràn lè jẹ́rìí sí i, nítorí ní Adó yìí, èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é. A gbà pé ohun tí kò bá ní ẹ̀kọ́ nínú kò yẹ kó wọ ilé ẹni tó mọ̀wé. Ẹ ó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó káwọ́ sẹ́yìn. Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ojúkòkòrò kò dára." Màá ní o gbà á, o ó sì jókòó láì rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ á ní, "Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ebi ń pa mí," màá sì kó ìkó sí i lórí. Ọjọ́ kan ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé mo bi Ìyá Bísí, onídìrí tó ń gbé òdìkejì títì, tó máa ń wá wo eré lọ́dọ̀ wa. Ó wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí n lọ ra tèmi." Kò sì pẹ́ tó fi rà á.

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó dá sílẹ̀. Káyọ̀dé bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé kì í gbọ́ràn. Ìwọ tó ń gbọ́ràn, o gbé e lọ sílé ọkọ. Títí dòní, bí o bá jókòó síwájú eré, ó dà bíi pé ẹnì kan fẹ́ ní kí o dìde káwọ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, èmi tí mo dá ìdánwò yẹn sílẹ̀ ni mo fagi lé e lónìí. Eré kò jẹ ọ́ ní ẹ̀kọ́ kankan. Bí ó bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó sì mú ejìká rẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá gún iyán odó kan tán, a máa ń mí ká tó da òmíràn síbẹ̀, apá ẹni ò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di apá ọ̀lẹ. Ìwé tí orí tó ti rẹ̀ bá ń kà, ojú nìkan ló ń kà á.

Èkejì, kí o sì fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí o ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn alẹ́ kan wà tí n kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Iná ni kì í jẹ́. Á dé bí àlejò, á lọ láì dágbére, ibi tí wọ́n bá sì ti fẹ́ mú olè gan-an ló máa ń lọ. O ó gbọ́ tí gbogbo Òkè-Ìlá á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá yín á fẹ́ wá àtùpà, ìyá rẹ̀ tó wá láti Ìyìn á ní kó jókòó. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ fúnra wa." Báyìí la ṣe máa ń fi ẹnu parí eré nínú òkùnkùn.

Bàbá yín, ọlọ́pàá ló máa ń mú dé. Èmi, màá dárí ji gbogbo wọn. Káyọ̀dé á pa wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ìparí tìrẹ ni gbogbo ilé máa ń dúró dè. Ọjọ́ kan lo mú ewúrẹ́ wá sí kóòtù pé kó wá jẹ́rìí, nítorí pé òun nìkan ló wà nílé nígbà tí wọ́n jí àpótí inú eré náà gbé. O dún bí ewúrẹ́, o dáhùn bí adájọ́, o tún ṣe lọ́yà tó ń bínú pé ẹlẹ́rìí ń jẹ ìwé ẹ̀rí. Ìyá àgbà di ikùn mú, ó ní kí o má pa òun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá Bísí tí iná ẹ̀gbẹ́ tiwọn kò lọ á wá sọ bó ṣe parí ní ti gidi, tiwa ló sì máa ń dùn jù. Mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ káwọ́ sẹ́yìn sọ fún mi. Mi ò gbàgbé ewúrẹ́ yẹn.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ máa jọ wò ó. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ọkọ bá ń wo tirẹ̀ ní pálọ̀ tí ìyàwó ń ka tirẹ̀ ní yàrá, ilé méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan. Ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn Ìyìn rẹ̀ pé uṣẹ́ á dúró de èèyàn, ulé kì í dúró. Ẹ máa ń fi ohùn yẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣẹ̀fẹ̀ ti wá ń kọ́ni ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ṣì wà níbi tó fi í sí.

Ẹ̀kẹta, mọ èyí tí wàá wò. Mo ti fẹ̀yìn tì, ojú mi ti rí eré, gbà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn eré ọlọ́pàá, nítorí èmi àti bàbá rẹ máa ń dá a mọ̀ kí ọlọ́pàá tó mọ̀: ẹni tó bá sunkún jù níbi ìsìnkú, òun náà ni. Mo fẹ́ràn eré àwọn ará Íńdíà bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, nítorí bí obìnrin ibẹ̀ bá gbọ́ ìròyìn burúkú, wàá dìde lọ gbé omi kaná, wàá padà wá, kò tíì yí orí dé ibi tó ń yí i lọ. Ọmọ Káyọ̀dé ló kọ́ mi ní ti àwọn ará Kòríà. Wọ́n ń tẹríba fún àgbà bí ọmọ tí a kọ́, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí. Èyí dára fún ìwọ tí àyè kò gbà. Ti àwọn èèyàn wa ni mo sì fẹ́ràn jù, pàápàá èyí tí ìyá àti ọmọ bá ń jà sí ọbẹ̀, tí o bá gbọ́ ohùn wọn, wàá ní àwọn aládùúgbò rẹ ni.

Má wo èyí tí wọ́n ti ń fi ariwo sọ gbogbo nǹkan. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ọ lójúmọ́. Èyí tí gbogbo ọkọ inú rẹ̀ bá sì jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, má fi bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó. Ìwọ á kàn rí i pé o ti ń wo Fẹ́mi láti ẹ̀gbẹ́ ojú lórí ohun tí kò ṣe.

Ẹ̀kẹrin kéré, ṣùgbọ́n ó ti ba ilé kan jẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀. Èyí tí ẹ bá jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ parí rẹ̀, kí ẹnì kan má sáré ṣíwájú. Nígbà kan, bàbá rẹ lọ wo ìparí eré tiwa lórí fídíò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Fájuyì. Ó délé, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó jókòó tì mí. Kí ọmọ inú eré náà tó ṣubú sí kànga, bàbá rẹ ti mí kanlẹ̀. Mo yíjú sí i. Ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọbẹ̀ rẹ̀ ò mọ ẹran. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ń bi mí bóyá mo fi sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ẹni inú eré, tí kò sí nínú ayé rárá, bí ẹ bá jọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó máa ń bá yín sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ò lè sọ. Ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n fún bàbá rẹ ní tíráńsífà lọ sí Ọmùò. Ó gbà á láì bi mí, èmi náà ò sọ̀rọ̀, mo kàn ń fi abọ́ lélẹ̀ kó máa dún gbà. Bẹ́ẹ̀ la wà. Alẹ́ ọjọ́ kan, a ń wo eré kan tí ìyàwó kan kọ̀ láti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Bàbá rẹ ní, "Obìnrin yìí ò dáa." Mo ní, "Ṣé ọkùnrin náà bi í léèrè?" Ó ní ẹ̀rù ń bà á láti béèrè ni, bóyá á ní rárá. Mo ní ká ní ó béèrè ni, obìnrin náà ò ní sọ pé rárá. Iná lọ. A ń jà á lọ nínú òkùnkùn, ìyàwó yẹn ṣe báyìí, ọkọ yẹn ṣe tọ̀hún, a ò dárúkọ ara wa lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí iná dé, a ti parí ọ̀rọ̀ Ọmùò. A jọ lọ ni, ibẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ohun tí Fẹ́mi ń ṣe nínú mọ́tò fún ọ. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, àná náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni mo pè ọ́.

Láti Ọjọ́bọ̀ tí ẹrù rẹ ti kúrò ní Ìlọrin ló ti ń pè mí. Bí eré Mojí tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n bá ti parí lọ́dọ̀ wa, fóònù mi á dún: "Mọ́mì, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Mojí ṣe lónìí?" Má bínú sí i, kò fi ẹjọ́ rẹ sùn mí. Orí Mojí nìkan la máa ń dúró sí. Ọmọ náà ní fóònù, bó bá fẹ́, á wo gbogbo rẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹni tí yóò bá jiyàn ló ń wá, ó sì ń rìn láti Ìlọrin dé Òkè-Ìlá lórí afẹ́fẹ́ láti wá a, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ wà ní yàrá ilé rẹ̀. Ó ń dùn mí, Rónkẹ́. Mo fẹ́ràn kó máa pè mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò mi ni mo jókòó sí.

Àná, mo kọ̀, mi ò parí rẹ̀ fún un. Ìwọ ni màá sọ fún. Mojí yìí jẹ́ télọ̀. Ọkọ rẹ̀ Lásún fi í sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, kò kọ̀wé, kò pè. Obìnrin náà ń ránṣọ, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ti fi ayálégbé sí yàrá ọkọ. Lálẹ́ àná, òjò ń rọ̀, Mojí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. A rí i láti ìta pé Lásún ni, òun àti báàgì kan ṣoṣo. Kò pe orúkọ, ó kàn kan ilẹ̀kùn. Mojí dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó dìde. Ó fọwọ́ kan ìdè ilẹ̀kùn. Iná sì lọ.

Bàbá rẹ fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, mo ní kó jókòó. Ó ní Mojí á ṣí i nítorí òjò. Mo ní á kọ́kọ́ bi í pé ta ni, kó lè gbọ́ bóyá ohùn náà ṣì mọ orúkọ òun. Ibẹ̀ la wà tí Fẹ́mi pè. Mo sọ dé ibi ìdè ilẹ̀kùn fún un, mo ní iná ti lọ. Ó ní, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe rò pé á parí?" Mo ní, "Lọ bi ìyàwó rẹ." Ó ní, "Rónkẹ́ kẹ̀? Kì í fẹ́ràn eré."

Ọkọ rẹ ò mọ̀ pé ìwọ lo ni ewúrẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n yín wà lórí tábìlì níbí, mi ò tú ìró rẹ̀. Mi ò ní fi í rán dírẹ́bà kankan. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa wá gbé e ní Sátidé tí àyè bá gbà yín, nínú mọ́tò yẹn, kó lè rìn díẹ̀. Màá gún iyán dè yín, bàbá rẹ á sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin rò nípa Mojí.

Ṣùgbọ́n má dúró de Sátidé. Bí o bá ka ìwé yìí tán, pa á dé, pa èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà dé. Jáde lọ bá a. Bó bá wà nínú mọ́tò, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, jókòó tì í. Sọ fún un pé Mojí ti fọwọ́ kan ìdè ilẹ̀kùn, iná sì ti lọ. Jẹ́ kó parí tirẹ̀, má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o parí tìrẹ.

Olúwa á máa fi ẹ̀rín sí ilé yín. Kí Fẹ́mi fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò ní bi ọ́ ní ẹ̀kọ́ tí o rí kọ́.